Axolotl tó fara gbọgbẹ́: ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an?

Kò sẹ́ni tó ń sin axolotl, ẹranko inú omi kan tó jọ aláǹgbá, tí ò tíì gbọ́ pé tí ọwọ́ ẹ̀ bá gé, òmíì máa hù. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ń hù, ẹsẹ̀ ń hù, ìrù ń hù, tó fi mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti apá kan nínú ọkàn ẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ ti wá ń bà jẹ́ ni pé àwọn kan gbọ́ èyí tán, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ní ara ẹ̀ á tún ara ẹ̀ ṣe, àwọn míì ẹ̀wẹ̀, bí wọ́n bá ṣe rí ọgbẹ́ báyìí, ìgò oògùn ẹja ni wọ́n máa gbé, wọ́n á dà á sínú táńkì. Ọ̀nà méjèèjì ò da.

Bí ọgbẹ́ ṣe ń ṣẹlẹ̀ ò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn kéékèèké máa ń ge ara wọn jẹ torí pé ohunkóhun tó bá ti mì níwájú wọn, oúnjẹ ni lójú wọn, òkúta tó mú sì lè ha wọ́n lára. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ kó òkúta yẹn kúrò, ó parí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló dùn ún sọ.

Ẹ wò ó bí ilé tí ògiri ẹ̀ wó lápá kan. Lára tiwa èèyàn, àwọn bíríkìlà tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á kàn fi símẹ́ńtì dí i pa kí òjò má wọlé, ibẹ̀ á le gbagidi, òun là ń pè ní àpá, ilé ò sì ní rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́ láéláé. Lára axolotl, wọn ò ní dí i. Tápólì ni wọ́n máa kọ́kọ́ ta bò ó: àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tó wà létí ọgbẹ́ á rá kòrò wá sórí ẹ̀, kí ọjọ́ kan tó pé, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo ojú ibi tí ọwọ́ ti gé. Abẹ́ tápólì yìí niṣẹ́ wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí, tí wọ́n ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ wọn tipẹ́, á bọ́ aṣọ ọ̀gá sílẹ̀, wọ́n á padà di ọmọṣẹ́, wọ́n á máa pọ̀ sí i, wọ́n á ṣù jọ di kókó kan tí wọ́n ń pè ní blastema. Inú kókó yẹn ni ọwọ́ tuntun ti máa jáde pẹ̀lú eegun, iṣan àti ìka ẹ̀. Kì í sì í ṣe pé ọmọṣẹ́ tó débẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ tó bá wù ú o. Ní 2009, Elly Tanaka àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí ní Jámánì sàmì tó ń tàn sára àwọn sẹ́ẹ̀lì, wọ́n wá ń ṣọ́ ibi tí wọ́n máa parí sí. Èyí tó wá látinú iṣan, iṣan ló padà dà. Èyí tó wá láti abẹ́ awọ ló mọ̀ ju iṣẹ́ kan lọ, ó lè di awọ, ó lè di kerekere eegun. Kápẹ́ńtà tó padà di ọmọṣẹ́, kápẹ́ńtà náà ló máa jẹ́ lọ́jọ́ tó bá ṣe fúrídọ̀ọ̀mù.

Àwọn kan tún wà níbi iṣẹ́ yẹn tí èèyàn kì í kà kún, àwọn tó ń kó pàǹtírí. Macrophage ni wọ́n ń pè wọ́n, sẹ́ẹ̀lì làwọn náà, àwọn ló ń jẹ ìdọ̀tí àti kòkòrò ojú ọgbẹ́. Ní 2013, James Godwin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ọsirélíà pa macrophage run lára axolotl, wọ́n wá gé ọwọ́ ẹ̀. Ọwọ́ ò hù. Àpá ló dà, bíi tèèyàn. Nígbà tí macrophage padà dé tí wọ́n tún ibẹ̀ gé, ọwọ́ hù. Ohun tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn, pé tí wọn ò bá kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó máa kọ́lé.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sí ìkankan tí ẹni tó ni axolotl lè bá a ṣe. Iṣẹ́ tiyín ni pé kí olè má ráàyè wọlé nígbà tí ògiri ṣì ṣí sílẹ̀. Olè ọ̀hún ni Saprolegnia, nǹkan funfun bí òwú tó máa ń hù lójú ọgbẹ́ àti lára iyẹ́ tí axolotl fi ń mí. Gbogbo èèyàn ń pè é ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, àwọn onímọ̀ ò kà á mọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì gidi, ṣùgbọ́n ìṣe wọn ò yàtọ̀. Ó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀, ibi tí ara ti rọ ló ń wá. Omi tó bá gbóná tó sì dọ̀tí ló ń bá a ṣílẹ̀kùn.

Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú àkọ́kọ́ fi jẹ́ omi. Ẹ gbé e sínú ike tó mọ́, kí omi ẹ̀ má ní chlorine, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ, kó tutù tó dígírì Celsius 16 sí 18, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lójoojúmọ́, torí ammonia, ìyẹn ìdọ̀tí olóró tó ń jáde lára òun fúnra ẹ̀, tó láti máa jó ojú ọgbẹ́. Ẹ fi aṣọ bo ike yẹn, axolotl ò ní ìpéǹpéjú tó lè fi dí ìmọ́lẹ̀. Ọgbẹ́ kékeré ò ní nílò jù báyìí lọ.

Tí òwú funfun bá ti hù, ẹ lè lo iyọ̀ tí kò ní iodine. Ṣíbí tíì 2 sí 3 nínú lítà omi 1, ìṣẹ́jú 10, kò gbọ́dọ̀ kọjá 15, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́yìn náà kó padà sínú omi tó mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, iyọ̀ kì í wo ọgbẹ́ sàn. Ó ń fa omi kúrò lára òwú yẹn títí tó fi máa kú ni, ó sì ń fa omi kúrò lára axolotl náà lásìkò kan náà, ẹni tó bá fi sílẹ̀ fún wákàtí kan torí kó lè tètè ṣiṣẹ́ ń jó awọ àti iyẹ́ ẹ̀ ni. Oògùn ẹja tún burú ju ìyẹn lọ. Axolotl ń fi awọ mí, ohun tẹ́ ẹ bá dà sómi ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, èyí tó bá ní copper (bàbà) tàbí malachite green (aró tí wọ́n ń lò bí oògùn ẹja) nínú lè pa á.

Ti fírìíjì ńkọ́? Àwọn kan máa ń gbé e sí dígírì 5 sí 8 kí àrùn má baà tàn. Àrùn á falẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ara axolotl ò ní iná tiẹ̀, bí omi bá ṣe tutù ló ń tutù, àwọn bíríkìlà náà á falẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe ohun téèyàn ń kọ́kọ́ sáré sí.

Ohun tí iyọ̀ ò lè ràn ni bakitéríà. Tí ikùn tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ń pọ́n, tó ń wú, tó lè jẹ́ iṣẹ́ bakitéríà kan tó ń jẹ́ Aeromonas, tàbí tí nǹkan funfun yẹn ò bá yọ jáde bí òwú, tó kàn lẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́ awọ bí eérú, tó sì ń tàn kíákíá, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ yẹn gan-an, oògùn tó ń pa bakitéríà tí dókítà máa wọ̀n fún un ló nílò.

Tẹ́ ẹ bá wá rí kókó kan tó ń dán, tí àwọ̀ ẹ̀ fẹ́ mọ́ ju ara tó kù lọ, lẹ́nu ibi tí ọwọ́ ti gé, ẹ má fi iyọ̀ lé e o. Kì í ṣe àrùn. Blastema nìyẹn, ọwọ́ ló ń bọ̀, lára àwọn ọmọdé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lára àgbà á tó oṣù mélòó kan.