Kí ni f(x) yìí gan-an? Ìbéèrè òbí àti ọmọ lórí function, gíráàfù àti ìdọ́gba

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2 níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìṣirò kì í ni ín lára tẹ́lẹ̀, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ function, tó bá ti gbé iṣẹ́ àṣetiléwá délé, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́. Èmi ò kàwé débẹ̀. Kí ni f(x) yìí gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Màmá. Òfin ni function. Ẹ fún un ní nọ́ńbà kan, òun náà á fún yín ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ládùúgbò Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ti ń tẹ iṣẹ́ wọn. Ká ní ₦500 ni wọ́n ń gbà láti di ìwé pọ̀, tí wọ́n sì ń gba ₦100 lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé ojú ìwé 10 wá á san ₦1,500; ẹni tó gbé 30 wá á san ₦3,500. Tí a bá fi x dúró fún iye ojú ìwé, òfin ṣọ́ọ̀bù yẹn ni f(x) = 100x + 500. Ẹni tó ń tajà lọ́jà ti ń ṣe function látàárọ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ fún un.

Àkámọ́ yẹn ló ń kó bá àwọn ọmọ. Ní JSS, wọ́n ti kọ́ wọn pé lẹ́tà tó bá dúró ti àkámọ́, ìsọdipúpọ̀ ni, torí náà wọ́n á ka f(x) sí f lọ́nà x. Bẹ́ẹ̀, f kì í ṣe nọ́ńbà rárá, orúkọ tí a fún òfin ni. Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ báyìí ní 1734. Tí ìwé bá ní kó wá f(4), kó yọ x kúrò níbi gbogbo tó bá wà, kó fi 4 síbẹ̀: 100 lọ́nà 4, kó fi 500 kún un, ó di 900.

Ìbéèrè: Wọ́n fagi lé f(x + 2) tó ṣe. Ó ní òun kàn fi 2 kún ìdáhùn ni.

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, f(x + 2) ni owó ẹni tó fi ojú ìwé méjì kún tirẹ̀, ìyẹn 100(x + 2) + 500, tó já sí 100x + 700. Àmọ́ f(x) + 2 ni kí wọ́n bu náírà méjì lé owó tó wà nílẹ̀. Ọ̀kan fi ₦200 lé e, èkejì fi ₦2 lé e. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́ ló ń wọlé. Ohun tó wà níta, lẹ́yìn tí òfin bá ti ṣiṣẹ́ tán la ń fi kún un.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé tí nọ́ńbà bá ti kọjá sódì kejì àmì =, àmì rẹ̀ á yí padà?

Ìdáhùn: Mi ò fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò sí nọ́ńbà tó ń kọjá lọ síbì kan. Ìdọ́gba, tí wọ́n ń pè ní equation nílé ìwé, ń sọ pé apá òsì àti apá ọ̀tún jẹ́ iye kan náà. Ohun tí a bá ṣe sí ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é sí èkejì. Ní 3x − 5 = 16, a fi 5 kún apá méjèèjì, ó di 3x = 21; a fi 3 pín apá méjèèjì, x di 7. Al-Khwarizmi, tó gbé ní Baghdad, ti kọ irú ọ̀nà yìí sínú ìwé rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 820. Ọmọ tó bá mọ̀ pé apá méjèèjì ni òun ń ṣe nǹkan sí kò ní ṣi àmì gbé. Tó bá parí, kó dá 7 padà síbi x wà: 21 − 5 jẹ́ 16. Ó ti mọ̀ pé òun gbà á kí olùkọ́ tó sọ.

Ìbéèrè: Gíráàfù wá ńkọ́? Ọ̀tọ̀ nìyẹn, àbí?

Ìdáhùn: Rárá o. Nǹkan tí mo fẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí: òfin, àtẹ nọ́ńbà àti gíráàfù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. René Descartes ti ilẹ̀ Faransé ló tẹ ìwé jáde ní 1637 tó so ìdọ́gba pọ̀ mọ́ ìlà yíyà. Iye tó wọlé, x, wà lórí ìlà ìbú. Iye tó jáde, y, wà lórí ìlà òòró. Gíráàfù ṣọ́ọ̀bù wa bẹ̀rẹ̀ láti 500 lórí ìlà òòró, ó sì ń fi 100 gòkè lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wo ìlà yẹn á ka òfin ṣọ́ọ̀bù jáde láìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣe irú èyí tí WAEC fẹ́ràn: y = x² − 2x − 3, láti x = −2 dé x = 4. Àtẹ rẹ̀ nìyí:

x: −2, −1, 0, 1, 2, 3, 4
y: 5, 0, −3, −4, −3, 0, 5

Tí ọmọ bá tẹ −2² sórí kakulétọ̀ láìfi àkámọ́ sí i, −4 ló máa gbé wá, torí ó máa ń ṣe 2² kó tó fi àmì òdì sí i. (−2)² ni kó tẹ̀, kó lè rí 4. Ọ̀pọ̀ gíráàfù tó wọ́ lápá òsì, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Kó wo àtẹ rẹ̀ dáadáa kó tó mú pẹ́ńsùlù: nọ́ńbà sọ̀ kalẹ̀ láti 5 dé −4, ó sì tún gba ọ̀nà kan náà gòkè. Tí apá kan ò bá jọ èkejì, kó padà sídìí ìṣirò. Ọwọ́ la fi ń fa ìlà yìí. Tó bá fi rúlà so àwọn àmì pọ̀, wọ́n á gé e ní máàkì.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà, èmi ọmọ náà ni. Wọ́n ní kí n fi gíráàfù y = x² − 2x − 3 yìí yanjú x² − 3x − 4 = 0. Ṣé gíráàfù mìíràn kọ́ nìyẹn ni?

Ìdáhùn: Ó yàtọ̀ lóòótọ́, àmọ́ o ò ní ya òmíràn. Sọ apá òsì di ohun tí o ti yà. Mú èyí tí o yà, yọ èyí tí wọ́n bi ọ́ kúrò nínú rẹ̀: (x² − 2x − 3) − (x² − 3x − 4). Ohun tó ṣẹ́ kù ni x + 1. Fi x + 1 kún apá méjèèjì ìdọ́gba tí wọ́n bi ọ́, á di x² − 2x − 3 = x + 1.

Wo apá òsì: gíráàfù rẹ nìyẹn, ó ti wà lórí bébà. Apá ọ̀tún, y = x + 1, ìlà tó gún ni. Rúlà ni kí o fi ya èyí, kó gba (−1, 0), (0, 1) àti (4, 5) kọjá. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, iye kan náà ni wọ́n ń sọ, ìdí sì nìyẹn tí ìdáhùn fi wà níbẹ̀: x = −1 àti x = 4. Fi wọ́n wò: 16 − 12 − 4 jẹ́ 0, 1 + 3 − 4 náà jẹ́ 0. Tó bá jẹ́ x² − 2x − 3 = 0 ni wọ́n béèrè, ibi tí gíráàfù ti gé ìlà ìbú ni wàá wò, −1 àti 3.

Ìbéèrè: Tíṣà, èmi ìyá rẹ̀ tún ni. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan ń gbé ládùúgbò wa, fóònù sì wà nílé. Èwo ni kó lọ bá?

Ìdáhùn: Kó lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, Màmá, àmọ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má bá a kọ iṣẹ́ yẹn. Ọmọ ni kó di bírò mú, kó máa sọ ohun tó ń ṣe sókè, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a dúró níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti yẹ̀. Ní ti fóònù, GeoGebra, áàpù tó ń ya gíráàfù, dára gan-an. Markus Hohenwarter ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Austria ní 2001, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà tó bá ti wà lórí fóònù. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya gíráàfù tán ná, kó wá tẹ ìdọ́gba náà síbẹ̀, kó fi méjèèjì wéra. Àwọn áàpù tí wọ́n kàn ń ya fọ́tò ìbéèrè tí ìdáhùn sì ń jáde, ẹ má jẹ́ kó gbára lé wọn, torí fóònù kì í bá a wọ gbọ̀ngàn WAEC.

Tó bá sì fẹ́ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kó ya fọ́tò ìbéèrè pẹ̀lú ohun tóun fúnra rẹ̀ kọ, kó fi àmì sí ìlà tí kò yé e mọ́. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.