Òṣìṣẹ́ Ààbò Ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà

Òṣìṣẹ́ ààbò ẹ́ḿbásì ni ẹni tí ìjọba Amẹ́ríkà ń rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láti dáàbò bo ẹ́ḿbásì rẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ẹbí wọn. Abẹ́ Diplomatic Security Service ni wọ́n wà, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Washington. DSS ni ìkékúrú orúkọ àjọ yìí, àmọ́ kò bá DSS ti Nàìjíríà, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, tan rárá.

Ọdún 1916, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Robert Lansing, tó ń darí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, dá ọ́fíìsì kékeré kan sílẹ̀ láti máa tọpa àwọn amí àti àwọn tó ń fi ayédèrú ìwé ìrìnnà rìn. Beirut, olú ìlú Lẹ́bánónì, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1983, ọkọ̀ tó kún fún bọ́ǹbù ya lu ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà níbẹ̀, ènìyàn 63 sì kú. Ìgbìmọ̀ tí Bobby Ray Inman darí ló dábàá pé kí ẹ́ḿbásì tuntun fi nǹkan bíi mítà 30 jìnnà sí títì. Ọdún 1985 ni wọ́n dá DSS sílẹ̀, òfin sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1986.

Regional Security Officer, RSO, ni wọ́n ń pe olórí wọn ní ẹ́ḿbásì kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń gba aṣojú àgbà nímọ̀ràn lórí ààbò. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn sójà Marine tó ń ṣọ́ inú ilé wà, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ọmọ ìlú tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ohun tí àlejò ń rí kò ju dígí orí igi gígùn tí ẹ̀ṣọ́ ń tì bọ abẹ́ mọ́tò. Wọ́n tún máa ń bá ọlọ́pàá ìlú wá ọ̀daràn: wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n mú Ramzi Yousef, tó wà nídìí bọ́ǹbù World Trade Center ní New York ní 1993, ní Islamabad, Pakistan, ní oṣù kejì 1995.

Ìlú Nairobi ló fi bí iṣẹ́ náà ṣe rí hàn jù. Ẹ́ḿbásì ibẹ̀ kò jìnnà sí títì, aṣojú àgbà Prudence Bushnell sì ti bẹ Washington pé kí wọ́n wá ilé mìíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1998, àwọn agbésùnmọ̀mí gbé ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún bọ́ǹbù dé ẹnubodè ẹ̀yìn. Abẹ́ ilé ni wọ́n fẹ́ gbé e wọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ọmọ Kẹ́ńyà tó wà níbẹ̀ kọ̀, kò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ju gírénéèdì, wọ́n yìnbọn, ìró náà sì mú kí àwọn ènìyàn àdúgbò sáré sídìí fèrèsé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà ni bọ́ǹbù dún, gíláàsì fọ́ mọ́ wọn lójú. Ènìyàn 213 kú, ọ̀pọ̀ sì fọ́jú. Ènìyàn 11 kú nígbà tí bọ́ǹbù mìíràn dún ní ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Dar es Salaam, Tanzania, ní òwúrọ̀ kan náà.

Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí jẹ́ bàbá ọlọ́mọ. Ọdún 2 tàbí 3 ni wọ́n sábà ń lò níbì kan kí wọ́n tó dì ẹrù. Ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n á tún gbé e lọ síléèwé mìíràn. Àwọn ibì kan wà, bíi Baghdad, tí ẹbí kò lè bá wọn dé. Orí fóònù ni bàbá ti ń bi ọmọ bí ìdánwò ṣe lọ. Ruth Hill Useem, onímọ̀ nípa àwùjọ, fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ: ọmọ àṣà kẹta, ìyẹn ọmọ tó dàgbà láàárín àṣà òbí rẹ̀ àti àṣà ilẹ̀ òkèèrè tó ń gbé.

Ìrántí wọn ṣòro kọ. Nígbà tí iṣẹ́ wọn bá yọrí, nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀, ìwé ìròyìn kò sì ní ohun tó máa gbé. Àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ló rọrùn láti rí. Láti 1933 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó kú bẹ́ẹ̀ sára ògiri ní Washington; ti William Palfrey, tó sọnù sójú òkun ní 1780, ló ṣáájú. Ronald Lariviere àti Daniel O'Connor, òṣìṣẹ́ ààbò méjèèjì, wà nínú ọkọ̀ òfuurufú Pan Am 103 tí bọ́ǹbù fọ́ lókè Lockerbie, ní Scotland, ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 1988, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Kérésìmesì.

Àwọn tó fẹ̀yìntì láyọ̀ ńkọ́? Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni Charles Stuart Kennedy, aṣojú tó ti fẹ̀yìntì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn irú wọn sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló ti wà nínú àkójọ náà báyìí, Library of Congress sì ní ẹ̀dà tí ọmọ lè ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ka ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.