Olóore Inú Ìtàn Àròsọ: Ta Ló Ń San Owó Oore Náà?

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé ń kọ, ẹnì kan máa ń wà tí gbogbo àdúgbò gbójú lé. Òun ní í parí ìjà, òun ní í san owó ilé ìwé ọmọ ọlọ́mọ, kì í bínú, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ẹni yìí gan-an ló máa ń tètè sú òǹkàwé, torí pé oore rẹ̀ kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fún un níṣẹ́ tó ń mú un dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Bó bá jẹ́ Abẹ́òkúta ni ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ fi ṣe alájọ láàárín àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú. Lójoojúmọ́ ni oníbàárà ń dá iye kan náà. Tí oṣù bá parí, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, á kó ìyókù fún olówó. Bí èèyàn 40 bá ń dá 1,000 náírà, 40,000 ni èrè rẹ̀ lóṣù. Ní ọjọ́ kejìlá, ọmọ aláró kan ṣàìsàn. 12,000 ló wà lórí káàdì ìyá rẹ̀, 30,000 ni ilé ìwòsàn ń bèèrè, alájọ sì ka 30,000 lé e lọ́wọ́.

Níbo ni 18,000 yẹn ti wá? Ó lè jẹ́ owó ilé tirẹ̀ tó ti ń tọ́jú. Ó sì lè jẹ́ owó àwọn 39 yòókù, tí wọn yóò wá gbà lópin oṣù láti fi ra téèrù, aṣọ funfun tí wọ́n ń pa láró. Èkejì ni kí ẹ mú. Alájọ tó fi owó olówó ṣàánú ti wọ wàhálà, oore rẹ̀ sì ti fẹ́ di ẹ̀sùn.

Ẹ má gbàgbé ilé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó sọ ohun tí ọjà kò lè sọ: “Màmá, ẹ ti san ti gbogbo Ìtòkú tán. Owó WAEC tèmi ńkọ́?” Kí alájọ má rí èsì gidi fún un.

Láàárín ìwé, ẹ mú alájọ náà kúrò fún odindi orí kan. Kí àìsàn dá a dúró sílé. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹta, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì orí káàdì wọn. Ọjọ́ karùn-ún, ẹnì kan ti ń wá alájọ mìíràn lọ sí Láfẹ́ńwá. Bí ohunkóhun kò bá yí padà, ẹ kò nílò ẹ̀dá-ìtàn náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá wó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ ti sọ àwọn yòókù di òmùgọ̀. Nínú ìjà owó orí tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jà ní 1947, orúkọ Funmilayo Ransome-Kuti ló tàn jù, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ọjà ló lọ dúró sí ààfin Aké. Ẹ fún alájọ yín náà ní ẹni tó lè di apá kejì ẹrù mú, kódà kó jẹ́ abínú ẹni.

Ìyìn ló kù. Dípò kí aládùúgbò máa pè é ní èèyàn rere, ẹ jẹ́ kí aláàdìrẹ méjì tí kì í kí ara wọn máa fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ wọn sọ́dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ń tún ìwé ṣe, ẹ fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn ìyìn, kí ẹ yọ wọ́n. Bó bá di dandan kí ẹyọ kan kù, ẹnu ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ni kí ẹ fi í sí.