Bọ́ńgálò àtijọ́ nínú ọgbà ilé-ìwé: kí ló dé tí wọn ò wó o?

Àwòrán kan ń ti orí fóònù òbí kan bọ́ sí ti èkejì: bọ́ńgálò pákó àtijọ́ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tó dá dúró láàárín kíláàsì alájà mẹ́ta nínú ọgbà ilé-ìwé kan ní Yábàá. Àwọn ọmọ ń fún ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, síbẹ̀ wọ́n ní a ò gbọdọ̀ wó ilé náà. Inú bí àwọn kan, ọ̀rọ̀ náà rú àwọn mìíràn lójú. Mo lọ wò ó. Ìbéèrè yín nìwọ̀nyí.

Ta ló ń kọ́ irú ilé yìí?

Ìjọba òyìnbó tó gba Èkó ní 1861, àwọn míṣọ́nnárì, àti rélùwéè. Iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ilé òṣìṣẹ́ wá ń hù bí olú ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Àwọn ilé-ìwé pẹ̀lú ń pọ̀ sí i: CMS Grammar School ti wà láti 1859, King's College dé ní 1909, Queen's College ní 1927, Igbobi College ní 1932. Olùkọ́ tó bá ti òkè òkun wá ní láti ríbi sùn, inú ọgbà ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́lé fún un sí.

Ṣé kì í ṣe ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bràsíl padà wá, ni?

Rárá. Ẹ lọ wo Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó: ògiri tó ki ni tiwọn, pẹ̀lú ọnà tí wọ́n yọ sí ara fèrèsé.

Níbo ni orúkọ náà ti wá?

Láti Íńdíà. Ilé ìṣe àwọn ará Bengal ni òyìnbó mú orúkọ rẹ̀.

Kí ló dé tó fi gun orí òpó?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n ilé náà wà. Nígbà kan, òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde nínú àbàtà ló ń fa ibà, wọ́n sì fẹ́ jìnnà sílẹ̀. Ní 1897 ni Ronald Ross, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. William MacGregor, tó di gómìnà Èkó ní 1899, dókítà lòun náà. Ó gbájú mọ́ fífa omi àbàtà gbẹ àti pínpín kíníìnì. Ṣùgbọ́n òpó ò kúrò nílẹ̀ nítorí pé ó wúlò fún nǹkan mìíràn: atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilé kọjá, ọ̀rinrin ò sì ń ta sí pákó.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilé náà. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi páànù dé, wọ́n tẹ etí rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ikán tó bá fi amọ̀ la ọ̀nà gòkè ní láti yí etí páànù náà ká ní gbangba kó tó kan pákó, ojú káfíńtà yóò sì tó o. Fàráńdà tó yí ilé ká ń gba oòrùn àti òjò lára ògiri. Mo dúró níbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ara mi tutù, kò sì sí fáànù.

Ṣé ọ̀gá ilé-ìwé lè dá a wó?

Bí ìjọba àpapọ̀ bá ti kéde ilé kan gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, òfin 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé ìwé nìkan. Wọ́n kéde Ilojo Bar ní Tinúbú ní 1956. Ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 ni. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, kátakátà wó o palẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ṣé kò ní wó lu àwọn ọmọ wa?

Páànù tó ń jò ló ń pa irú ilé yìí, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ ní kí káfíńtà fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ìdí òpó pákó àti abẹ́ fàráńdà. Ibi tí irin náà bá ti wọlé wẹ́rẹ́ ti jẹrà. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni sílíìnì. Wọ́n fi asbestos ṣe òmíràn, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ́ ọ, kò gbọdọ̀ fi ayùn gé e, kò sì gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀. Kí wọ́n pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Kí la lè fi ṣe?

Láìbríì, tàbí yàrá orin. Ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún Jaekel House ṣe nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ilé ọdún 1898, ó sì di ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ rélùwéè sí.

Kí ni kí àwa òbí ṣe báyìí?

Ẹ ya fọ́tò gbogbo igun rẹ̀, kí ẹ sì wọn ún. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ yí lọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn bọ́ńgálò náà ni bọ́ìsìkọ́tà wà, yàrá méjì tó há, níbi tí kúùkù òyìnbó àti ìdílé rẹ̀ ń gbé nígbà náà. Ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́nu géètì sọ fún mi pé irú ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, àti pé bàbá òun kò gba àtẹ̀gùn iwájú wọlé rí. Yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wó. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, ẹ kọ orúkọ méjèèjì sí i: bọ́ńgálò àti bọ́ìsìkọ́tà.