Bí ilé-iṣẹ́ pulp ṣe ń fi àdéhùn rí igi sè

Ilé-iṣẹ́ tó ń sọ igi di pulp, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìwé, kì í ṣe iṣẹ́ à-ṣe-dáwọ́-dúró. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń se igi. Nítorí náà, àdéhùn igi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ.

Pulp funfun tọ́ọ̀nù 1 ń fẹ́ igi gbígbẹ bíi tọ́ọ̀nù 2, torí pé bí ìdajì igi ló ń yòrò sínú oògùn tí wọ́n fi ń sè é. Igi tútù, tí bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi, á wá di tọ́ọ̀nù 4. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ ṣe 100,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ru tọ́ọ̀nù 30, ọkọ̀ bí 40 ni yóò máa já igi lójúmọ́. Kò sí oníṣòwò kan ṣoṣo tó yẹ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Apá kan ń wá láti oko ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, apá kan lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin igi nítòsí, ìwọ̀nba díẹ̀ lọ́jà.

Òṣùwọ̀n ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Bí wọ́n bá ń sanwó lórí igi tí wọ́n tò jọ, ẹni tó ń tà á á fi àlàfo sáàárín rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ń rà. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n igi tútù, òjò á bu omi sí i fún ẹni tó ń rà, oòrùn á sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà bí ọkọ̀ rẹ̀ bá pẹ́ lórí ìlà. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n wọn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù, kí wọ́n tún un wọ̀n lófìfo, kí wọ́n bu díẹ̀ nínú igi náà gbẹ nínú ààrò tó gbóná tó 105°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Igi gbígbẹ ni wọn yóò sanwó fún. Àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ń bu igi náà, ẹni tó ń ṣẹlẹ́rìí rẹ̀, àti ọjọ́ tí owó ń jáde.

Igi tí iná jó ni kí wọ́n dá padà láìwojú ẹnikẹ́ni: èédú rẹ̀ ń fi àmì dúdú sára ìwé. Iye owó ọkọ̀ ní láti máa bá owó dísù àti jíjìnnà oko lọ. Kí wọ́n sì kọ iye igi tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù lóṣù, pẹ̀lú owó ìtanràn fún ẹni tí kò kó o wá àti fún ilé-iṣẹ́ tí kò gbà á. Nígbà òjò, ọ̀nà igbó máa ń bàjẹ́, nítorí náà ìpín oṣù ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ ga ju ti oṣù òjò lọ.

Igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn nígbà tí ọjọ́ igi àti ọjọ́ ẹ̀rọ kò bára mu. Wọ́n gbin Gmelina, tí àwọn onígẹdú ń pè ní Melina, síbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ pulp àti ìwé tó wà ní Iwopin. Igi gbó, ilé-iṣẹ́ kò ṣetán láti sè é, àwọn onípákó ló wá ń gé e. Bí Melina bá ti tóbi, pákó ń mówó wọlé jù pulp lọ, àgbẹ̀ kankan kò sì ní fi owó yẹn sílẹ̀ nítorí ìwé tó fọwọ́ sí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Kí àdéhùn kúkú gbà bẹ́ẹ̀: ìdí igi tó nípọn fún onípákó, òkè rẹ̀ àti ẹ̀ka tó tó gé fún ilé-iṣẹ́ pulp.