Kí ọmọ ẹnjiníà tó bẹ̀rẹ̀ ṣápítà kìíní

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ lọ́mọ nínú ẹnjiníárìn, yálà Òṣogbo níbí ló wà àbí ó kọjá sí Ẹdẹ tàbí Ifẹ̀, ẹ ti lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ pé "pròjẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ o," kó sì sọ iye tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ́ àwọn ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí, ohun tí mo sì fẹ́ bá yín sọ ò ju ẹyọ kan lọ: à ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kọ ìwé ìwádìí kí wọ́n tó mọ bí èèyàn ṣe ń béèrè ohun tó ṣeé wọ̀n.

Ọmọ á wọlé, á ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, mẹ́tọ́dọ́lọ́jì wo ni kí n lò?" Ọ̀nà tó máa gbà ṣe ìwádìí ló ń béèrè. Màá ní kí lo fẹ́ mọ̀? Á ka táítù ẹ̀ fún mi, táítù gígùn gbọọrọ tó gba odindi ìlà mẹ́ta. Màá ní mo ti gbọ́ táítù, kí lo fẹ́ mọ̀ gan-an tó ò tíì mọ̀? Ibẹ̀ ló máa ń dákẹ́ sí. Kì í ṣe pé orí ẹ̀ ò pé o, ọmọ tó ń yanjú ìṣirò tó gba ojú ewé méjì kì í ṣe olódo. Àwa tá a kọ́ ọ la jẹ́ kó rò pé ìwádìí ò ju ṣápítà márùn-ún, fọ́ǹtì 12, ká to orúkọ àwọn ìwé tá a kà sẹ́yìn bó ṣe yẹ. Gbogbo ìyẹn dáa, àmọ́ aṣọ ni, ẹni tó máa wọ̀ ọ́ là ń wá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó fà á, ẹ wo ohun tí wọ́n ti ń ṣe ní láàbù láti 100 level. Gbogbo práktíkà ibẹ̀ ni ìdáhùn ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Wọ́n á so irin kékeré mọ́ okùn, wọ́n á fì í, wọ́n á ka iye ìgbà tó lọ tó bọ̀, kí wọ́n lè fi ṣírò bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó, gbogbo kíláàsì ló sì ti mọ̀ pé 9.8 ló yẹ kó jáde. Tí ti ọmọ kan bá wá jáde ní 9.1, kò ní béèrè pé kí ló dé, ṣé okùn ni mi ò wọ̀n dáadáa àbí mo tètè tẹ wọ́ọ̀ṣì, bírò ló máa mú táá sọ 9.1 di 9.7, torí máàkì wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ohun tó ń ṣe nìyẹn. Ẹ wá gbé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdáhùn ẹ̀ fún un lọ́dún ìkẹyìn, ẹ ní kó ṣe ìwádìí, ibo ló ti fẹ́ kọ́ ọ? Lójú tèmi, ọmọ tó kọ 9.1 sílẹ̀ bó ṣe rí, tó sì wá ìdí ẹ̀ títí tó fi rí i, ó yẹ kó gba máàkì ju ẹni tí 9.8 kàn jáde fún lọ, bí mo sì ṣe ń fún wọn nìyẹn.

Torí náà tí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀, mi ò kì í fẹnu kan ṣápítà rárá. Màá ní kí wọ́n jáde lọ wo nǹkan tó wà lẹ́bàá títì. Búlọ́ọ̀kù ni mo fẹ́ràn jù, torí ì báà jẹ́ ọ̀nà Ìkìrun lèèyàn gbà jáde nílùú yìí, ì báà jẹ́ ọ̀nà Gbọ̀ngán, á rí alábúlọ́ọ̀kù. Wọ́n á padà dé pẹ̀lú ìbéèrè bíi "Ṣé búlọ́ọ̀kù Òṣogbo lágbára?" Ẹni tó fẹ́ kọ́lé máa fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àmọ́ kò tíì ṣeé wọ̀n. Búlọ́ọ̀kù wo, náìn-íǹṣì àbí síìsì-íǹṣì? Ìgbà wo ni wọ́n mọ ọ́n, ṣé àná ni àbí ó ti tó oṣù kan? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi wọ́n omi sí i? Àpò símẹ́ńtì kan, búlọ́ọ̀kù mélòó ni wọ́n ń rí nínú ẹ̀? Ó lágbára ju kí ni lọ? Bá a ṣe ń béèrè bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè náà á máa kéré sí i, títí táá fi di pé: nínú búlọ́ọ̀kù náìn-íǹṣì tí wọ́n ń tà lọ́nà Ìkìrun, tá a bá mú èyí tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta wọ́n omi sí àti èyí tí wọ́n fi ọjọ́ méje wọ́n omi sí, èwo ló máa gbé ẹrù púpọ̀ kó tó fọ́, báwo ni wọ́n sì ṣe fi jura wọn tó? Èyí ti ṣeé wọ̀n. Àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù pé ìbéèrè kékeré báyìí ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn jọ iṣẹ́ ńlá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìbéèrè kékeré téèyàn dáhùn ẹ̀ dópin sàn ju táítù ńlá tí kò sọ nǹkan kan.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa mú búlọ́ọ̀kù, ibí yìí ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Ọmọ á lọ bá alábúlọ́ọ̀kù, á ní "Ẹ kú iṣẹ́ sà, mo fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù yín lọ yẹ̀ wò nílé-ìwé." Èyí tó dáa jù ni bàbá náà máa fà lé e lọ́wọ́, èmi náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ọjà mi. Tó bá sì jẹ́ ọmọ náà ló fọwọ́ ara ẹ̀ mú un, èyí tó wà lókè tí ò ní fún un ní wàhálà ló máa gbé, èyí tó wà nísàlẹ̀ tí etí ẹ̀ ti ń já, kò ní débẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń dìbò. Kó fún búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà, kó kọ àwọn nọ́ḿbà náà sórí bébà kéékèèké, kó ká wọn, kó dà wọ́n sínú fìlà, nọ́ḿbà tó bá yọ ni kó gbé, kódà kó jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó le, ẹ̀yìn máa dùn ún, àmọ́ òun nìkan ló máa lè fọkàn balẹ̀ sọ pé ohun tóun rí kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ kóun rí. Oko ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ìbò yìí múlẹ̀, Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò, ló ṣe é ní ibùdó ìwádìí àgbẹ̀ Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1920, nígbà tó fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ló mú irè oko dáa àbí ilẹ̀ tó dáa ni wọ́n fi ajílẹ̀ náà sí. Kí ọmọ náà sanwó búlọ́ọ̀kù o, kó sọ òótọ́ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó ṣèlérí pé orúkọ bàbá náà ò ní jáde, kó sì mú un ṣẹ. Ìwà ọmọlúàbí náà wà lára ìwádìí.

Mélòó ni kó gbé? Owó yín ló máa sọ, ẹ̀yin òbí. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fọ́ ní láàbù. Ká ní agbára tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní jáde ní 2.1, 2.9 àti 3.4, wọ́n á ro ó pọ̀, wọ́n á pín in sí mẹ́ta, wọ́n á kọ 2.8, ó parí, 2.1 ti rá sínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa sùn nínú ilé yẹn, 2.1 gan-an lọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta, kí wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. William Gosset tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin ló bá wa yanjú bí èèyàn ṣe lè fi nǹkan díẹ̀ ṣèdájọ́ láì parọ́, ọdún 1908 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde, "Student" ló sì fi ṣe orúkọ. Ìṣirò yẹn wà nínú Excel tó wà lórí kọ̀ǹpútà ọmọ yín báyìí. Ohun tó ń sọ ò le: tí ohun tó o wọ̀n bá kéré, má fi bẹ́ẹ̀ dá ara ẹ lójú.

Ẹ jẹ́ ká wá sí eérú èèpo ìrẹsì, torí àwọn ọmọ sífù, àwọn tó ń kọ́ nípa ilé àti afárá kíkọ́, fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Wọ́n á yọ díẹ̀ nínú símẹ́ńtì, wọ́n á fi eérú rọ́pò ẹ̀, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, 10, 15, 20, wọ́n á wá fọ́ kọnkéré náà wò. Ìwádìí tó wúlò ni, símẹ́ńtì ti wọ́n, èèpo ìrẹsì sì ń ṣòfò. Àmọ́ ẹ wo iye nǹkan tó lè bà á jẹ́. Àárín nǹkan bí 500 sí 700 lórí ìwọ̀n Celsius ló yẹ kí wọ́n ti sun èèpo náà, tí iná bá gbóná jù, sílíkà, èròjà inú ẹ̀ tó ń bá símẹ́ńtì ṣiṣẹ́, á yí padà, kò ní lè bá símẹ́ńtì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ inú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé ni ọmọ ti sun ún, kò wọ̀n iná náà rárá. Eérú yìí tún máa ń mu omi, tí kọnkéré bá ti gan, ọmọ á bu omi sí i, omi tó pọ̀ sì ń jẹ agbára kọnkéré. Símẹ́ńtì ńkọ́? Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti ní símẹ́ńtì tí nọ́ḿbà agbára ẹ̀ jẹ́ 42.5 ni kí wọ́n máa fi da òpó àti dẹ́ẹ̀kì, kí 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri. Ọmọ á fi 42.5 bẹ̀rẹ̀, owó á tán, á ra 32.5 parí ẹ̀. Tí kọnkéré tó ní ìdá 20 wá fọ́ wẹ́rẹ́, ṣé eérú ni ká dá lẹ́bi, àbí omi, àbí símẹ́ńtì? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn, gbogbo owó yẹn ti wọlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí à ń bi léèrè ni ká yí padà, ká di gbogbo ìyókù mú pinpin: kó ra àpò símẹ́ńtì tó máa tó o lẹ́ẹ̀kan náà, kó wọn omi pẹ̀lú ohun tó ní nọ́ḿbà lára, kó má fi ojú díwọ̀n.

Àwọn ọmọ ẹlẹ́tíríkà náà ní tiwọn. Òṣogbo níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ kó má kúrò nítòsí 50 hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà iná jẹ́ nǹkan tó kàn wá níbí. Síbẹ̀ ọmọ á gbé mítà lọ sílé kan ṣoṣo láago mẹ́wàá àárọ̀, á bá 228 fólì, á kọ ọ́ pé iná àdúgbò náà dáa. Kó padà lọ láago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo ilé ti tan fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù, kó sì dé ilé tó wà ní ìdí wáyà pátápátá, tó jìnnà sí tàránsífọ́mà, kó wò ó bóyá iye yẹn náà ló ṣì máa bá. Kó tó lọ, kó fi mítà ẹ̀ wé òmíràn tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ ra ìwé kan, ìwé gidi tí ewé ẹ̀ ò ní já, ẹ máa kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí sínú ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí i, pẹ̀lú bírò, ẹ má fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan gbà á kọjá, kó ṣì ṣeé kà. Tí èsì yín bá tako ohun tẹ́ ẹ rò, ẹ má pa á dà, inú mi máa ń dùn sí irú èsì bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ bá lè sọ bó ṣe dé ibẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn AI tó ń báyàn kọ̀wé, wọ́n lè fún yín ní orúkọ ìwé, ọdún àti òǹkọ̀wé tí kò sí níbì kankan láyé, ìwé tẹ́ ò bá ṣí kà fúnra yín, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kà á.

Ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ bi ọmọ pé kí ló fẹ́ mọ̀, kí ló fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, ta ló sì fẹ́ wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ló máa bá a ṣe é, ẹ mú owó yín padà, iṣẹ́ tó máa fi jẹun lọ́la lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn. Ẹ béèrè ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ náà, torí kọnkéré ò mọ pé ọjọ́ ìdánwò ti sún mọ́lé. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń dúró kí wọ́n tó fọ́ ọ, kọnkéré tó ní eérú kì í sì yára, tí wọ́n bá fọ́ ọ lọ́jọ́ keje á dà bíi pé kò wúlò, ó sàn kó dé 90 ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dúró síwájú àwọn olùkọ́ ẹ̀ nínú oṣù keje, kí oṣù kẹta tó parí ló yẹ kí gbogbo kọnkéré ẹ̀ ti wà nínú omi.