Bí Sneak Attack ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ olè nínú eré D&D

Nínú Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí à ń fi dáìsì ṣe, níbi tí olùṣeré kọ̀ọ̀kan ti ń kó ipa ẹnì kan bí olè tàbí jagunjagun, ìkọlù kan péré ni olè ní nígbà tó bá kàn án. Jagunjagun tó dé ìpele 5 á máa kọlù lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá dé 11 á di ẹ̀ẹ̀mẹta, tó bá dé 20 á di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Olè kì í rí irú rẹ̀ gbà. Ohun tí òfin eré fi dí àlàfo yẹn fún un ni Sneak Attack, ìyẹn dáìsì ìpalára tó máa ń gorí ìkọlù rẹ̀. Ẹni tó bá wá ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí ọ̀tá bá sùn tàbí tó kọ̀yìn sí i, ṣe ló ń fi ìdajì agbára olè rẹ̀ sílẹ̀ láìlò. Owó oṣù olè ni Sneak Attack, ìrètí òfin sì ni pé kó máa gbà á ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án.

Ìwé òfin ẹ̀dà karùn-ún, èyí tó jáde ní 2014, ni àlàyé yìí tẹ̀ lé. Níbi tí àtúnṣe ọdún 2024 bá ti yàtọ̀, a ó sọ ọ́.

Ohun tí òfin ń béèrè

Ìkọlù náà gbọ́dọ̀ ba ọ̀tá. Tó bá tàsé, kò sí ohun tí dáìsì àfikún máa gùn lé. Ohun ìjà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òfin fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí olè gbà wọlé sí ọ̀tá lára, ọ̀nà méjì ló sì wà. Èkíní ni kí olè ní àǹfààní lórí ìkọlù náà, ìyẹn ni pé ó ju dáìsì alójú 20 méjì, ó sì mú èyí tó pọ̀ jù. Èkejì kò béèrè àǹfààní rárá: bí ẹlòmíràn tó ń bá ọ̀tá yẹn jà bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí i, tí onítọ̀hún kò dákú, tí ara rẹ̀ kò sì rọ, tí olè fúnra rẹ̀ kò sì ní ìdíwọ́ lórí ìkọlù náà, ó tán. Ìdíwọ́ ni òdì kejì àǹfààní: dáìsì méjì ni, ṣùgbọ́n èyí tó kéré ni à ń mú.

Ẹ kíyè sí i pé kò síbi tí òfin ti ní kí olè fara pamọ́, kò sì sọ pé kó wà lẹ́yìn ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ olùdarí eré ló ń fi èyí jẹ olè níyà, tí wọ́n ń ní kó kọ́kọ́ sá wọ inú òkùnkùn kí wọ́n tó fún un ní dáìsì rẹ̀. Jagunjagun tó dúró ti ọ̀tá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tó. Kò sì pọn dandan kí òun àti olè wà ní ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ara wọn. Àárín ọmọ ẹgbẹ́ yẹn àti ọ̀tá ni à ń wọn ẹsẹ̀ bàtà 5 náà. Olè lè wà ní ẹsẹ̀ bàtà 80 pẹ̀lú ọrun kúkúrú lọ́wọ́, kó sì gba gbogbo dáìsì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 2014 fàyè gba ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọ̀tá ẹni tí olè ń kọlù, títí kan ẹranko tó kàn ń bá a jà nítirẹ̀. Àtúnṣe 2024 sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ olè ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Iye dáìsì

Dáìsì alójú 6 kan ni ní ìpele 1. Ó di méjì ní ìpele 3, mẹ́ta ní ìpele 5, ó sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé sí i ní gbogbo ìpele tí kò ṣeé pín sí méjì, títí tó fi di 10 ní ìpele 19. Dáìsì alójú 6 kan máa ń mú 3.5 wá tí a bá pín in dọ́gba. Ká mú olè ìpele 5 tó ní idà rapier, tí òye ọwọ́ rẹ̀ sì ń fi 4 kún ìpalára. Idà mú 4.5 wá, òye ọwọ́ mú 4, dáìsì Sneak Attack mẹ́ta mú 10.5, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19. Yọ Sneak Attack kúrò, 8.5 ló ṣẹ́kù. Ohun tí ìgbà kan tó lọ láìrí i lò ń jẹ olè nìyẹn.

Irú ìpalára tí ohun ìjà bá ń ṣe náà ni dáìsì àfikún ń ṣe. Bí ara ọ̀tá bá ń gba ìdajì péré nínú ìpalára idà, ìdajì náà ni Sneak Attack máa di. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ohun tí kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀: egungun tó ń rìn, ère irin, ẹ̀dá tó rí bí ọ̀dà yíyọ́, gbogbo wọn ló ń gbà á. Ẹ̀dà kẹta, ti ọdún 2000, ló yọ òkú tó ń rìn, ère, igi àti ẹ̀dá bí ọ̀dà sílẹ̀. Àwọn tó bá òfin yẹn dàgbà ṣì ń fi í dí olè lọ́wọ́ títí dòní.

Ohun ìjà

Ohun ìjà tí ń lọ jìnnà, bí ọrun, àkàtàǹpó àti kànnàkànnà, yẹ. Nínú àwọn tí à ń fi jà lójúkojú, kìkì àwọn tí òfin kọ finesse sí lára, ìyẹn èyí tí a lè fi òye ọwọ́ lò dípò agbára apá, ló yẹ: ọ̀bẹ ìjà, idà kúkúrú, rapier, scimitar àti pàṣán. Kùmọ̀, ọ̀pá, ọ̀kọ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ lásán kò sí níbẹ̀.

Ọ̀bẹ tí a jù yẹ, nítorí finesse rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ nígbà tó ń fò lọ. Àáké ọwọ́ tí a jù kò yẹ, nítorí ohun ìjà ojúkojú ni òfin kà á sí, bó tilẹ̀ ń fò, kò sì ní finesse. Òògùn tí a fi ọwọ́ rán sí ọ̀tá kò yẹ rárá. Ní ìdà kejì, olè tó bá fi agbára apá rẹ̀ gún rapier dípò òye ọwọ́ kò pàdánù ohunkóhun. Ohun ìjà ni òfin ń wò, kò bìkítà nípa ohun tí a fi lò ó.

Ìdíwọ́, àti bí òun àti àǹfààní ṣe ń pa ara wọn rẹ́

Ibi tí eré ti ń bàjẹ́ mọ́ olè lọ́wọ́ nìyí. Ọmọ ẹgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá, ohun ìjà yẹ, síbẹ̀ ìdíwọ́ kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn kejì. Tafàtafà tí ọ̀tá mìíràn dúró tì láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìdíwọ́. Ẹni tó ta ọfà kọjá ìwọ̀n àkọ́kọ́ ohun ìjà rẹ̀ náà ní i. Ẹsẹ̀ bàtà 80 ni ti ọrun kúkúrú, 30 péré ni ti àkàtàǹpó ọwọ́. Olè tí májèlé ń dà láàmú, tó wà nílẹ̀, tàbí tí okùn mú, ní i. Ọ̀tá tó bá fi gbogbo ìṣe rẹ̀ yẹra fún ìkọlù ń fún un ní ìdíwọ́ pẹ̀lú. Ọ̀tá tó ṣubú sílẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù: àǹfààní ni fún ẹni tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí i, ìdíwọ́ ni fún ẹni tó ń ta ọfà láti òkèèrè. Jagunjagun tó bi ọ̀tá ṣubú kí ìgbà olè tó kàn lè rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́, kó sì jẹ́ pé òun ló gba Sneak Attack lọ́wọ́ tafàtafà.

Ṣùgbọ́n àǹfààní àti ìdíwọ́ máa ń pa ara wọn rẹ́. Àǹfààní kan tó láti pa ìdíwọ́ mẹ́ta rẹ́, ìdíwọ́ kan náà sì lè pa àǹfààní mẹ́ta rẹ́. Lẹ́yìn náà, òfin kà á sí pé olè kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Ìyẹn sì ṣí ilẹ̀kùn kejì padà. Ká ní olè àti ọ̀tá wà nínú òkùnkùn biribiri, tí ẹnikẹ́ni kò rí ẹnìkejì. Olè ní ìdíwọ́ nítorí kò rí ọ̀tá. Ó ní àǹfààní nítorí ọ̀tá kò rí i. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá, Sneak Attack ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí, kò ṣiṣẹ́.

Wíwá àǹfààní

Láti ìpele 2, olè lè fara pamọ́, sáré tàbí yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìjà gẹ́gẹ́ bí ìṣe àfikún, ìyẹn ìṣe kékeré kan tó ń bá ìṣe gidi rẹ̀ rìn. Nínú òfin 2014, ìfarapamọ́ rẹ̀ ni a ń fi wé ìkíyèsí ọ̀tá, èyí tó jẹ́ 10 pẹ̀lú ohun tí òye ọ̀tá bá fi kún un. Ti 2024 béèrè pé kó pé 15 ó kéré tán. Ohun gidi gbọ́dọ̀ wà tí ó sá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìkọlù kan ló sì ń tú u síta, ìbáà bà, ìbáà tàsé. Ọrun ló bá ọ̀nà yìí mu jù, nítorí olè onídà tó jáde sí gbangba láti lọ bá ọ̀tá lè ti di rírí kó tó dé ibẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Steady Aim, tó jẹ́ àṣàyàn láti 2020, tó sì di ti gbogbo olè ní ìpele 3 nínú òfin 2024, ń fúnni ní àǹfààní pẹ̀lú ìṣe àfikún, bí olè kò bá tíì kúrò lójú kan nígbà yẹn. Kò sì ní lè kúrò mọ́ títí ìgbà yẹn fi tán. Òwìwí tí oṣó ń rán níṣẹ́ lè fò kọjá lójú ọ̀tá láti dà á láàmú, kí ìkọlù tó tẹ̀ lé e ní àǹfààní. Nínú òfin 2024, idà kúkúrú, rapier àti ọrun kúkúrú ní Vex: ìkọlù tó bà ń fún olè ní àǹfààní lórí èyí tó tẹ̀ lé e sí ọ̀tá kan náà, tó bá wáyé kí ìgbà rẹ̀ tó ń bọ̀ tó tán.

Ṣé ìṣe àfikún yìí ló yẹ kí olè ná, tàbí kó fi ọ̀bẹ kejì kọlù? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún olè ìpele 5 yẹn, tó nílò 9 sókè lórí dáìsì, ìyẹn 60 nínú 100. Pẹ̀lú àǹfààní, ó di 84. Bó bá kọlù lẹ́ẹ̀mejì láìsí àǹfààní, 84 náà ni ìṣeéṣe pé ó kéré tán ọ̀kan á bà. Bí a kò bá ka ìkọlù àrà ọ̀tọ̀, ìyẹn èyí tí dáìsì ti mú 20, mọ́ ọn, ọrun kúkúrú pẹ̀lú àǹfààní ń mú nǹkan bíi 15.1 wá, idà kúkúrú méjì tí ọmọ ẹgbẹ́ wà nítòsí ọ̀tá ń mú 15.4, ọrun láìsí àǹfààní ń mú 10.8. Èrè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ewu kò dọ́gba: onídà méjì ti ná ìṣe àfikún rẹ̀, ó sì dúró sí iwájú ọ̀tá láìsí ọ̀nà àtisá. Ìdí nìyẹn tí ọrun fi dára jù fún ọ̀pọ̀ olè, àfi bí ibi ìjà bá há.

Nígbà tí dáìsì bá mú 20, gbogbo dáìsì ìpalára ni à ń sọ di ìlọ́po méjì, ti Sneak Attack pẹ̀lú. 19 olè wa á di 34. Ẹ̀dà kẹta kò gbà bẹ́ẹ̀. Dáìsì ohun ìjà nìkan ló ń lọ́po níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ní ìgbà kan

Òfin sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni nínú ìgbà kan. Kò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo kan, èyí tí ìgbà gbogbo èèyàn wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí olè bá kọlù nígbà tí ẹlòmíràn ń ṣe tirẹ̀, Sneak Attack tuntun wà fún un, bí gbogbo àwọn ohun tí òfin ń béèrè bá tún pé. Ọ̀tá tó sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ olè onídà ló sábà ń fún un láyè yìí. A ń ka ẹsẹ̀ bàtà 5 láti ibi tí ọ̀tá wà kó tó kúrò níbi tí idà olè lè dé. Tafàtafà kò ní irú àyè yẹn, nítorí ìkọlù ojúkojú ni. Jagunjagun Battle Master lè fi Commander's Strike yọ̀ǹda ọ̀kan nínú ìkọlù tirẹ̀ fún olè. Olè tí òògùn Haste wà lára rẹ̀ nínú òfin 2014 lè fi ìṣe kan tí Haste fi kún tirẹ̀ kọlù nígbà tó bá kàn án, kó wá fi ìṣe gidi rẹ̀ dúró de ẹlòmíràn. Ìlọ́po méjì ìpalára nìyẹn ní ìyípo kan, ó kàn jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀, ìyẹn ìṣe kan ṣoṣo tó lè fi dáhùn nígbà tí kì í ṣe tirẹ̀, ti tán, kò sì ní rí i fi dín ìpalára tó bá bọ̀ kù.

Olè kò nílò láti kéde Sneak Attack kó tó ju dáìsì. Ẹ̀yìn tí ìkọlù bá bà ló ń yàn. Bí ìkọlù àkọ́kọ́ bá pa ọ̀tá kékeré láìsí rẹ̀, ó lè dì í mú de ẹni ńlá tó fẹ́ fi ọ̀bẹ kejì kọlù.

Ti tẹ́lẹ̀, àti ti ẹ̀gbẹ́ kan

Ní 1975 ni olè wọ eré yìí. Nínú AD&D 1978, ẹ̀dà àtijọ́ kan nínú eré yìí, ẹ̀yìn ọ̀tá nìkan ló ti lè ṣe é, ó sì ń sọ ìpalára di ìlọ́po: méjì ní ìpele 1 sí 4, mẹ́ta ní 5 sí 8, mẹ́rin ní 9 sí 12, márùn-ún ní 13 sí 16. Ibẹ̀ ni èrò pé ó gbọ́dọ̀ wá láti ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Eré mìíràn tó jọ ọ́, Pathfinder ẹ̀dà kejì, ti 2019, gba ọ̀nà mìíràn: kò fi ẹ̀ẹ̀kan dè é, ṣùgbọ́n dáìsì mẹ́rin ló ga jù, ní ìpele 17, ìkọlù kejì àti ìkẹta sì ń ṣòro sí i. Níbẹ̀, bó bá jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ni olè fẹ́ fi pín ọ̀tá lọ́kàn, wọ́n gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ara wọn ní tòótọ́.

Àtúnṣe 2024 fi Cunning Strike kún un ní ìpele 5. Kí olè tó ju dáìsì Sneak Attack, ó lè yọ ọ̀kan sílẹ̀ kó fi ra nǹkan: májèlé, bí àpò ohun èlò májèlé bá wà lára rẹ̀, bíbi ọ̀tá ṣubú, tàbí ìrìn ìdajì ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i gbá bó ṣe ń lọ. Fún olè ìpele 5 tí òye ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 4, ọ̀tá nílò 15 láti bọ́ lọ́wọ́ májèlé tàbí ìṣubú. 3.5 ni dáìsì kan tó yọ, owó kékeré sì ni, bí jagunjagun méjì tó ní ìkọlù méjì-méjì bá tẹ̀ lé olè láti kọlù ọ̀tá tó wà nílẹ̀. Bó bá jẹ́ tafàtafà ló tẹ̀ lé e, kó fi dáìsì rẹ̀ sí ìpalára.